Àkàbà Dúdú Tí Mo Gé Wẹ́wẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ sùn sí mi nínú mọ́. Ọ̀la ni Jímọ̀ọ̀. Bí mo bá dákẹ́ títí wọ́n fi kírun tán lọ́la, ẹni tí kò pa ẹnikẹ́ni yóò dìde ní mọ́sálásí Ọ̀rùn, yóò sọ pé òun lòun pa ọ̀rẹ́ òun, gbogbo ìlú á sì gbà á gbọ́. Ṣẹ̀rífù ni mo ń wí. Kì í ṣe òun. Èmi ni. Èmi Bùràímọ̀, tí mo ń háyà irinṣẹ́ fáwọn oníṣẹ́ ilé ní Ìsẹ̀, èmi ni mo mọ ohun tó pa Lukman káfíńtà. Ìwé mi ò jìnnà, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí náà ẹ bá mi fara dà á bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo tún padà sẹ́yìn láti tún un sọ. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì. Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá dún níta, ìwé yìí á wọ abẹ́ àpò sìmẹ́ńtì. Ṣùkúrátù ìyàwó mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń já ewé gbọ̀ọ̀rọ̀. Kò mọ nǹkan kan. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ̀ pé kò sí ohun tí ènìyàn fi ń kọ́lé tàbí tún ilé ṣe tẹ́ ẹ máa wá bèèrè tí mi ò ní ní in. Ṣọ́bìrì, dígà, bárò, páànù tí wọ́n fi ń ru kọnkéré, ayùn, òòlù, jáàkì tó ń gbé dẹ́kìn dúró, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àkàbà gíga méjì ni mo ní, igi ni wọ́n fi ṣe méjèèjì. Ọ̀kan funfun, ó gbẹ, kò lábùkù. Èkejì já bọ́ láti orí ọkọ̀ nígbà òjò tó kọjá, ọ̀kan nínú igi gígùn tó di àtẹ̀gùn rẹ̀ mú sì là láàárín. Mo fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lẹ́yìn, mo kan ìṣó mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà mo gba ọ́ìlì tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù, mo fi kun gbogbo ara rẹ̀ títí ó fi dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Gbogbo wa la mọ̀ pé irú ọ́ìlì yẹn ni wọ́n ń fi kun igi òrùlé kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ẹni tó bá rí igi tó dúdú bẹ́ẹ̀, ohun tó máa sọ ni pé ẹni tó ni ín ń tọ́jú ẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé nítorí ikán ni mo ṣe kùn ún. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ. Mo kùn ún kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi tó là, kí wọ́n má sì rí orí ìṣó mi.

Lukman ló wá gbà á, òun àti Ṣẹ̀rífù. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà ni, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Ibi tí ẹ bá ti rí òòlù ọ̀kan, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rín èkejì. Wọ́n fẹ́ tú páànù òrùlé tó ti dógùn-ún kúrò lórí ilé Tísà Fáníyì ní Ọ̀rùn, kí wọ́n fi tuntun bò ó. "Alájì tí ò tíì lọ Mẹ́kà, ẹ kú àárọ̀ o!" Bẹ́ẹ̀ ni Lukman máa ń kí mi. Mo ní, "Ìwọ tó o ti lọ, tẹ̀sùbáà tó o rà bọ̀ fún mi dà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní àkàbà gíga lòun ń wá. Àkàbà funfun wà ní Ẹmùré, lọ́wọ́ àwọn tó ń kun ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ẹnu mi ì bá sọ pé kó dúró kí ìyẹn dé. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi sọ pé, "Èyí náà ń bẹ níbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a ṣiṣẹ́ rí, ẹ mọ ìwà rẹ̀. Lukman kì í gbé irinṣẹ́ láì kàn án. Á fi oríkèé ìka rẹ̀ kan igi, á tẹ́tí, á tún kàn án lókè díẹ̀, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àkàbà yẹn. Ó kàn án, ó tẹ́tí. Ó tún gòkè, ó kàn án. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ síbi tó là. Nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀, mo ké sí i pé, "Lukman, Wòsílátù ńkọ́? Ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀?" Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára igi. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ó kù díẹ̀, ó ní ọmọ náà ń ta nínú ìyá ẹ̀ bí ẹni ń ju bọ́ọ̀lù, ó ní bó bá jẹ́ ọkùnrin, òun ò ní kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà láéláé, ọ́fíìsì ló máa jókòó sí. Ó sọ ọ́ títí, kò sì padà kan igi yẹn mọ́. Oyún ìyàwó ẹ̀ ni mo fi gba ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára ikú ẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ó ṣòro fún mi láti kà á.

Ṣẹ̀rífù gbé orí kan, Lukman gbé orí kejì. Ọ́ìlì náà ò tíì gbẹ tán, ó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣẹ̀rífù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi, bí ìgbà tí mo bọ ọwọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀." Lukman dá a lóhùn pé, "Fi ìyókù kun orí ẹ, kí ikán má baà jẹ ọpọlọ tó kù níbẹ̀." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lukman wá wo ojú mi, ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú irinṣẹ́ o. Ṣé ó lè gbé mi ṣáá?" Mo ní, "Ó ti gbé ẹni tó sanra jù ọ́ lọ." Òótọ́ ni. Kí ó tó là ni.

Gideon awakọ̀ ló fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé wọn lọ. Bí wọ́n ṣe lọ tán, mi ò lè jókòó. Mo gbé ṣọ́bìrì kan, mo nù ún, mo gbé e kalẹ̀, mo tún gbé e. Kò pẹ́ ni àwọn tó wà ní Ẹmùré tẹ̀ mí láago pé àwọn ti parí iṣẹ́, kí n wá gbé àkàbà mi. Mo pe Gideon padà, mo ní kó sáré. A gbé àkàbà funfun, mo ní Ọ̀rùn la ń lọ tààrà. Gideon ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, uṣẹ́ àkàbà ni wọ́n rán wa, kì í ṣe aboyún la gbé." Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ ni. Mo fẹ́ débẹ̀ kí n sọ pé èyí dára jù, ẹ gbé ìyẹn fún mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ kẹ́ ẹ fi yìn mí. Fóònù wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọ̀nà yẹn, nọ́ńbà Lukman sì wà nínú ẹ̀. Mo lè pè é pé, "Sọ̀kalẹ̀." Ojú tì mí láti pè é, torí ó máa bi mí pé kí ló dé.

A ń wọ ọgbà Tísà ni a gbọ́ igbe Ṣẹ̀rífù. Kò sí ẹlòmíràn nílé. Tísà wà níléèwé. Lukman wà nílẹ̀ lórí àwọn páànù ògbólógbòó tó ti jù sílẹ̀, apá rẹ̀ kan ká sábẹ́ ara rẹ̀, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n di ẹrù lé láyà. Ṣẹ̀rífù gbé orí rẹ̀ lé itan. "Ó kán, ẹ̀gbọ́n! Mo dì í mú, mo doríkodò torí ẹ̀gbin tó ń dà sí mi lójú, mo gbọ́ ọ tó dún, kàù! Ó kán!" Àkàbà dúdú wà lẹ́yìn òkìtì páànù, ojú Ṣẹ̀rífù ò tó o. Ojú tèmi tó o. Ibi tí mo kàn ló ti ṣẹ́, orí ìṣó mi ń dán. Nígbà náà ni mo wo ọwọ́ Ṣẹ̀rífù. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dúdú, ọ́ìlì ti wọ àárín ìka. Ọwọ́ ẹni tó di nǹkan mú pinpin ni. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ọwọ́ yẹn máa bèèrè àkàbà tí ọ́ìlì ti wá.

Mo ní, "Ṣẹ̀rífù, o ò lè fi ọwọ́ yìí gbé e dé ọsibítù. Lọ fọ̀ ọ́." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ ná!" Mo jágbe mọ́ ọn. Mo bu pẹtiróòlù díẹ̀ fún un nínú ọkọ̀ Gideon, mo bá a wá ọṣẹ, mo ní kó lọ síbi kànga lẹ́yìn ilé, kó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ènìyàn ń kú lọ nílẹ̀, mo ní kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ máa fọ ọwọ́. Bóyá àkókò yẹn ni ì bá gbà á là. Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ṣẹ̀rífù padà dé pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn pẹtiróòlù, tó mọ́. Wọ́n gbé Lukman sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n lọ. Gideon ti gbé àkàbà funfun sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ó wò ó, ó wo òkìtì páànù, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ni mo ń wà. Ohun tí mo bá gbé, n kì í wò ó." Títí di òní, kò bá mi sọ ju ìyẹn lọ.

Ó ku èmi nìkan. Mo gbé àkàbà funfun ti ògiri, síbi tí tàkọ́kọ́ wà, mo sì da ẹ̀gbin òrùlé sí i lára kó lè jọ èyí tí wọ́n lò. Mo wá ohun tí mo máa fi gé dúdú, ayùn Lukman ló sún mọ́ mi jù. Ẹ mọ ayùn náà, tó fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí ibi ọwọ́. Eyín rẹ̀ mú, Lukman kì í jẹ́ kí ayùn rẹ̀ kú. Ayùn ẹni tó ń kú lọ lójú ọ̀nà ni mo fi gé ohun tó pa á, mo sì kó o sínú àpò. Mo kó o délé, mo pè é ní igi ìdáná. Ṣùkúrátù fi sè, ó ní, "Ọkọ mi, ibo lẹ ti rí igi yìí? Ó ń jó bí ẹni pé inú ń bí i." Mi ò lè jẹ oúnjẹ náà. Ègé kan ni mi ò lè jù síná, èyí tí pákó àti ìṣó wà lára ẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo tọ́jú ẹ̀ sáàárín àwọn jáàkì.

Lukman ò dé ọsibítù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin ín, bí a ti ń ṣe. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ rí dúdú ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ oníṣẹ́ ni. Kí a tó kírun sí i lára, Lèmọ́ọ̀mù dojú kọ wá, ó ní, "Ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹni tí arákùnrin wa yìí bá ṣẹ̀, kó forí jì í kó tó wọlẹ̀." Ohùn mi ló kọ́kọ́ jáde. Láti sàfù iwájú, ìlà àwọn tó ń kírun, mo pariwo pé, "Mo forí jì í!" Gbogbo wọn ní àmín. Àwọn kan wò mí, wọ́n mi orí, pé ẹ wo ọkàn àgbà. Kí ló ṣe mí? Kí ni Lukman ṣe mí rí tí mo fi ń forí jì í? Mo forí ji ẹni tí mo pa, mo sì gba ẹ̀yẹ lé e.

Ibi sàréè ló burú jù. Ṣọ́bìrì tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, láti ṣọ́ọ̀bù mi ni. Ṣẹ̀rífù mú ọ̀kan, ó fẹ́ bu yẹ̀pẹ̀ sórí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Lukman já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ tó fi àkàbà sílẹ̀ kọ́ ló máa fi yẹ̀pẹ̀ bo àbúrò mi." Ṣẹ̀rífù ní, "Mi ò fi sílẹ̀! Ó kán ni, mo gbọ́ ọ!" Tísà Fáníyì dá sí i, kò sì parọ́, ó ní, "Ṣẹ̀rífù, mo ti ulé ẹ̀kọ́ dé, mo fọwọ́ ara mi yẹ àkàbà yẹn wò láti ìsàlẹ̀ dókè. Kò sí ibi tó kán." Ṣẹ̀rífù ní, "Ìyẹn kọ́! Dúdú ni tiwa, ọ́ìlì ẹ̀ kún ọwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Bùràímọ̀ ló ní kí n fọ̀ ọ́." Ó yíjú sí mi. Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ rí ọwọ́ mi." Ojú rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ pé ó ti parí, pé àgbà ti wà níbẹ̀, àgbà á sọ ọ́. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, irú ohùn tí a fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣẹ̀rífù, ìbànújẹ́ ló ń dà ọ́ láàmú. Àkàbà kan ṣoṣo ni mo fún yín, òun ló wà lára ògiri Tísà yẹn. Mi ò rí ọ́ìlì kankan lọ́wọ́ rẹ." Kò bú mi. Ẹ gbọ́, kò bú mi. Ó kàn na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n, ó ń yí wọn padà. Wọ́n mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin náà mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sí i. Ẹ ò pè é síṣẹ́ mọ́. Bó bá dúró sí sàfù, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sún. Wòsílátù bí ọkùnrin, wọ́n sì ní kí Ṣẹ̀rífù má wá síbi ìsọmọlórúkọ. Èmi ni Wòsílátù gbé ọmọ náà wá fún pé kí n gbàdúrà sí i lórí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ forí ji bàbá ẹ̀." Mo fọwọ́ kan orí ọmọ náà. Mi ò rántí àdúrà tí mo gbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣe àlùwàlá, tí omi bá kan ọwọ́ mi, ọwọ́ Ṣẹ̀rífù ni mo ń rí níbi kànga Tísà.

Mo fẹ́ dákẹ́ títí n ó fi kú. Mo ti pinnu bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ yìí ni Ṣẹ̀rífù wọlé. Ó ti rù. Ó kó òòlù rẹ̀, ayùn, ìfági, tépù àti ìdiwọ̀n rẹ̀, ó tò wọ́n sórí káńtà mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó wọn fún ẹni tó bá ń kọ́ uṣẹ́. N ò gun òrùlé mọ́." Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mo ti rò ó títí. Ẹ̀yin kì í parọ́. Tísà kì í parọ́. Àkàbà wà lódindi. Ó ní láti jẹ́ pé mo fọwọ́ sílẹ̀ tí mi ò mọ̀. Ariwo tí mo gbọ́ yẹn, bóyá egungun ẹ̀ ni. Dúdú tó wà lọ́wọ́ mi, bóyá ẹ̀gbin òrùlé ni." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wá rí nǹkan tó ti ń wá tipẹ́. Ó ní òun máa kúnlẹ̀ fún Wòsílátù lọ́la lẹ́yìn ìrun, lójú gbogbo ènìyàn, kí òun jẹ́wọ́, bóyá oorun á kun òun. Ó wá ní, "Ẹ bá mi débẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí n dá lọ." Mo ní, "Màá bá ọ lọ." Láti ọjọ́ tí Lukman ti ṣubú, òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ fún Ṣẹ̀rífù nìyẹn.

Ó ku ohun kan tí mo ń sá fún láti ìgbà tí mo ti ń kọ èyí. Nígbà tí Ṣẹ̀rífù wà níbi kànga, tí Gideon ń gbé àkàbà funfun sọ̀ kalẹ̀, Lukman lajú. Ó wo àkàbà náà. Ó wò ó títí, ó wá wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbé òmíràn wá." Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó mọ̀. Lukman tí kì í gbé igi láì kàn án, ó ti mọ ìdí tí mo fi gbé òmíràn wá, kò sì bá mi jà. Ó pa ojú dé.

Mò ń bọ̀ ní Ọ̀rùn ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kí ọ̀la tó dé. Lèmọ́ọ̀mù ni mo máa kọ́kọ́ fún ní ìwé yìí, pẹ̀lú ègé igi tó ní ìṣó lára. Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n Lukman ń bà mí, ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí, ẹ̀rù ojú Wòsílátù ló pọ̀ jù. Bí ẹsẹ̀ mi ò bá gbé mi dé mọ́sálásí lọ́la, ẹ jẹ́ kí Lèmọ́ọ̀mù kà á kí Ṣẹ̀rífù tó kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ àwa àgbà, ẹ máa kàn án bí Lukman ṣe ń kàn án, bí ẹni tó ni ín bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín léèrè aya àti ọmọ, ẹ má dá a lóhùn títí ẹ ó fi kàn án dókè. Ẹ̀yin ẹbí Lukman, mo bẹ̀ yín, ẹ mú Ṣẹ̀rífù lọ síbi sàréè, kí ẹ gbé ṣọ́bìrì fún un, kó bu yẹ̀pẹ̀ sórí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀ bó bá ṣe fẹ́. Èmi náà ń tọrọ àforíjì, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má yára forí jì mí. Èmi náà yára forí ji Lukman.